Ibn al-Haytham, Ẹni Tí Ó Tọ Ipasẹ̀ Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìtàn Ibn al-Haytham ni ó kàn lóṣù yìí. Ìlú Basra ní ilẹ̀ Ìráákì ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 965.

Àwọn òpìtàn sọ pé al-Hakim, ọba Mísírà, ránṣẹ́ pè é láti wá káwọ́ omi odò Náìlì. Ó rìn dé ìtòsí Aswan, ó rí àwọn ilé ńláńlá tí àwọn ará àtijọ́ kọ́, ó sì rò ó pé bí iṣẹ́ náà bá ṣeé ṣe ni, àwọn yẹn ì bá ti ṣe é. Ó padà wá jẹ́wọ́. Ọba fún un ní ipò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí al-Hakim a máa pa ènìyàn lórí ohun kékeré. Wọ́n ní ńṣe ni ó díbọ́n bí wèrè, tí wọ́n sì sé e mọ́lé títí ọba fi kú ní 1021.

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni wọ́n gbà pé ó kọ Kitab al-Manazir, ìwé onípele méje. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n Gíríìkì ti sọ pé ojú ni ó ń yọ ìtànṣán jáde tí a fi ń ríran. Ó ní rárá, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọ ojú wá. Ó tún ní ìmọ́lẹ̀ ń rìn, pé ó máa ń falẹ̀ bí ó bá wọ inú omi tàbí gíláàsì, ìdí nìyẹn tí ó fi ń yà lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ fífalẹ̀ yìí ni kí ẹ fọkàn sí. Àwọn ẹ̀rọ kan wà lónìí tí ń ju ìtànṣán lésà káàkiri láti fi mọ bí nǹkan ti jìnnà tó. Àwọn ọkọ̀ tí ń wa ara wọn a máa lò wọ́n. (Ojú tí ń yọ ìmọ́lẹ̀ jáde mà ti wà wàyí!) Díńgí tí mọ́tò ń yí ni púpọ̀ nínú wọn fi ń darí lésà, ó tóbi, ó sì wọ́n. Àwọn onímọ̀ wá ń gbé iṣẹ́ náà sórí ègé sílíkónì. Wọ́n á pín lésà sí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tíntìntín, wọ́n á mú àwọn kan gbóná ju àwọn yòókù lọ, ìmọ́lẹ̀ inú wọn á sì falẹ̀ díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jáde pọ̀, ìtànṣán á tẹ̀ sí ibi tí a fẹ́, láìsí ohun kan tí ó yí. Ní 2013, àwọn onímọ̀ MIT ní Amẹ́ríkà to ẹnu ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ 4,096 sí ojú kan tí ìbú rẹ̀ kò tó mìlímítà kan.

Nígbà tí Ibn al-Haytham jáde ní àhámọ́, ìwé Euclid àti ti Ptolemy ni ó ń dà kọ tà ní Kairo kí ó lè jẹun. Ibẹ̀ ni ó kú sí, ní nǹkan bí ọdún 1040.