Tom Rolt: Ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ohun àtijọ́ di ajákù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í máa ra mọ́tò tuntun kí aráyé lè mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹnuure fún àwọn. Ti Lionel Thomas Caswall Rolt kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tí ayé ti ń pè ní àlòkù ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí rà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, kò sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ òun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ara mọ́tò yẹn ni ó ti mú ọgbọ́n tí ó fi gba àwọn ohun tí ó tóbi ju mọ́tò lọ sílẹ̀.

Ìlú Chester ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 1910. Ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé tó bí ó ti wà nínú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Kerr Stuart ní Stoke-on-Trent, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè, ó sì kógbá sílé. Rolt jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ojú rẹ̀ ni ibi tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ kún fọ́fọ́ ṣe di ahoro, kò sì gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ó ra mọ́tò Alvis 12/50 tí wọ́n ṣe ní Coventry ní ọdún 1924. Mọ́tò eré ìje ni, ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí ṣóńṣó bí ìrù pẹ́pẹ́yẹ. Agbára ẹṣin méjìlá ni ìjọba fi ń ka owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè mú bí àádọ́ta wá. Ní ọdún 1923, Alvis 12/50 ni ó gbégbá orókè nínú ìdíje igba máìlì ní Brooklands. Ó sá eré tí ó lé ní àádọ́rùn-ún máìlì láàárín wákàtí kan, èyí tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu nígbà náà.

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, awakọ̀ náà yóò fara gbá a. Bí ó bá fẹ́ yí jíà wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì, yóò sì fi etí gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kí eré rẹ̀ tó bá ti jíà dọ́gba. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì náà, eyín jíà ni yóò máa fọ́. Kí ó tó rin ìrìn-àjò gígùn, ó di dandan kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún oríkèé irin kọ̀ọ̀kan ní epo àti gíríìsì. Ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún mọ́tò àtijọ́ gan-an ni ó mú kí Rolt fẹ́ràn rẹ̀: ẹni tí ó ń wà á gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n tinú-tòde.

Kò pẹ́ tí òun àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ fi gba ilé ìtọ́jú mọ́tò kan ní Phoenix Green, ní ìpínlẹ̀ Hampshire. Àwọn mọ́tò eré ìje àtijọ́ ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Rolls-Royce ọdún 1911 kan ni wọ́n sọ di ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ mọ́tò tí ó bá bàjẹ́ sọ́nà. Ní ọdún 1934, wọ́n dá ẹgbẹ́ Vintage Sports-Car Club sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó rẹpẹtẹ ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ràn mọ́tò. Òfin wọn nígbà náà ni pé mọ́tò tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ọdún 1930 kò lè wọlé. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe mọ́tò ti ń sáré ṣe púpọ̀, tí wọn kò sì ṣe é dáradára mọ́. Ilé ọtí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ́jú mọ́tò Rolt ni wọ́n ti ń pàdé. Wọn kì í fi mọ́tò wọn ṣe ẹ̀ṣọ́; òkè ni wọ́n ń fi gùn, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fi là kọjá.

Ibẹ̀ náà ni ìfẹ́ ti bá Rolt. Ní ọdún 1937, omidan Angela Orred wa mọ́tò Alfa Romeo funfun kan wọ ọgbà wọn. Ní oṣù keje ọdún 1939, àwọn méjèèjì ti di tọkọtaya, wọ́n sì kó lọ sínú ọkọ̀ ojú omi Cressy. Orí àwọn odò tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́, tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń kẹ́rù láti ìgbà láéláé, ni wọ́n ń gbé. Rolt rí i pé ìjọba àti àwọn oníṣòwò ti ń kọ àwọn odò wọ̀nyí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ Narrow Boat, tí ó jáde ní ọdún 1944, ni ó la ojú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1946, òun àti Robert Aickman dá ẹgbẹ́ Inland Waterways Association sílẹ̀ láti gbèjà àwọn odò náà.

Ṣùgbọ́n àgbájọ wọn kò tọ́jọ́. Aickman fẹ́ kí wọ́n jà fún gbogbo odò pátá. Rolt ní tirẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣì fi ń jẹun, nítorí pé bí àwọn ọlọ́kọ̀ bá tán, odò lásán ni yóò kù. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà, nígbà tí ó sì di ọdún 1951, wọ́n lé Rolt kúrò nínú ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn dá sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, tí ìgbé ayé rẹ̀ nínú Cressy sì parí.

Ẹlòmíràn ì bá jókòó sunkún. Ṣùgbọ́n Rolt ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Rélùwéè kékeré kan wà ní Wales tí ń jẹ́ Talyllyn. Nígbà tí ẹni tí ó ni ín kú ní ọdún 1950, ó ku díẹ̀ kí wọ́n hú irin rẹ̀ tà fún àwọn oníṣòwò ajákù. Rolt pe ìpàdé ní Birmingham ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1951, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí rélùwéè mìíràn ní gbogbo àgbáyé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Àlùfáà Wilbert Awdry, tí ó kọ ìtàn Thomas tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, wà lára àwọn tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Rolt fẹ́ Sonia, obìnrin tí òun pẹ̀lú ti ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ akẹ́rù ojú omi nígbà ogun. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Gègé ni ó fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Brunel, ti Telford, àti ti àwọn Stephenson, àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ Bìrìtìkó. Abúlé Stanley Pontlarge ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1974. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Abúlé náà kò jìnnà sí Prescott, òkè tí àwọn onímọ́tò àtijọ́ ti ń díje láti ọdún 1938.

Ilé-iṣẹ́ Alvis ti dáwọ́ mọ́tò ṣíṣe dúró ní ọdún 1967, ọdún méje ṣáájú ikú Rolt. Nígbà náà, mọ́tò rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1924 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń ná ojú irin Talyllyn títí di òní, àwọn rélùwéè tí wọ́n sì ti tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ ní Bìrìtìkó lé ní ọgọ́rùn-ún. Rolt kò ti ohun àtijọ́ kankan mọ́ inú àpótí gíláàsì. Irin tí a pa tì ni ó ń dógùn-ún. Èyí tí a ń lò, ara rẹ̀ kì í yé dán.