Thomas Cook, Ẹni Tí Ó Sọ Ìrìn-àjò Afẹ́ Di Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó máa ń rò pé ọjọ́ tí a bá kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé àwọn tí ń gba owó oṣù ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí a mọ̀ sí ọ̀gá nínú iṣẹ́ kan ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti san kọ́bọ̀ fún wọn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Thomas Cook, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nítorí pé ó ń mú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rin ìrìn-àjò afẹ́.

A bí Thomas Cook ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1808, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Melbourne, ní agbègbè Derbyshire. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọdé jòjòló sì ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 10, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì lọ ń bá ọkùnrin kan tí ń gbin ẹ̀fọ́ àti èso fún títà ṣiṣẹ́. Kọ́bọ̀ kan ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́. Kọ́bọ̀ 12 ni ó wà nínú ṣílè kan nígbà náà. Kí ẹ̀yin òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ṣílè kan yóò tún padà wá nínú ìtàn yìí.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, wọ́n fi í sọ́dọ̀ John Pegg láti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó kọ́ bí a ti ń fá igi àti bí a ti ń kan àga, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nídìí igi. Onígbàgbọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, iṣẹ́ ìwàásù ni ó sì ń fà á. Ní ọdún 1828, kí ó tó pé ọmọ 20 ọdún, ìjọ náà gbà á ní oníwàásù tí ń lọ láti abúlé dé abúlé. A sọ nípa rẹ̀ pé ní ọdún 1829 nìkan, ó fi ẹsẹ̀ rin ohun tí ó ju 2,000 máìlì lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn. Ẹni tí ń rìn báyìí yóò mọ bí ọ̀nà ti jìn tó láti ìlú kan sí èkejì. Yóò mọ ibi tí àlejò ti lè rí oúnjẹ jẹ àti ibi tí ó ti lè sùn. Yóò mọ bí a ti ń kí ẹni tí a kò mọ̀ rí, àti bí a ti ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn láì jẹ́ kí ojú tini. Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Thomas Cook kò mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ ìrìn-àjò ni òun ń kọ́. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó gbà pé òun ń ṣe.

Owó tí ìjọ fi ń gbọ́ bùkátà àwọn oníwàásù kò pẹ́ kí ó tó tán. Ó padà sídìí iṣẹ́ igi ní ìlú Market Harborough, ó sì fẹ́ Marianne Mason ní ìyàwó ní ọdún 1833. Ní àsìkò náà, ọtí àmujù ń ba ọ̀pọ̀ ilé àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Thomas Cook wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tí ó kọ ọtí mímu sílẹ̀. Ó tún ń tẹ ìwé jáde láti fi kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa ọtí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1841, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 15 máìlì láti Market Harborough lọ sí ìlú Leicester, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣe ìpàdé. Ojú ọ̀nà ni èrò kan ti sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Leicester kọjá lọ sí Loughborough kò ju bí ọdún kan lọ tí a ṣí i. Ó rò ó pé bí òun bá lè bá àwọn olọ́kọ̀ ojú irin dúnàádúrà, kí wọ́n ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni yóò lè fi ilé ọtí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n lọ gbádùn ara wọn ní ìlú mìíràn. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ya ọkọ̀ ojú irin fún ìrìn-àjò afẹ́, nítorí àwọn mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti mójú tó ohun gbogbo ni ó yà á sọ́tọ̀. Òun ni ó lọ bá àwọn olọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, òun ni ó kéde, òun ni ó ṣètò oúnjẹ àti eré, òun náà ni ó sì bá àwọn èrò lọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1841, nǹkan bí 500 ènìyàn wọ ọkọ̀ láti Leicester lọ sí Loughborough, ìrìn tí kò ju máìlì 12 lọ. Àwọn afọnfèrè bá wọn lọ. Wọ́n mu tíì, wọ́n ṣeré, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú nípa ọtí, wọ́n sì padà sílé láyọ̀. Ṣílè kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san ní àlọ àti àbọ̀. Ó yẹ kí a rántí pé ọmọdé tí ń gba kọ́bọ̀ kan lójúmọ́ yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 12 kí ó tó rí ṣílè kan. Ẹni tí ó ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí kò lè ṣàì mọ ohun tí owó kékeré jẹ́ fún tálákà.

Lẹ́yìn èyí, ó kó lọ sí Leicester. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, ó ń ṣètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà àti fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, láì gba èrè. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó fi ń bọ́ ara rẹ̀, Marianne sì ń bójú tó ilé ìgbàlejò kan tí wọn kì í ti í ta ọtí. Ẹni tí ó bá ń wo òde ara lè rò pé ó ń fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta wọ̀nyí ni ó mọ bí a ti ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wọ ọkọ̀ láìsí ìjà, àti bí a ti ń ka àwọn ọmọdé ní àlọ kí a sì tún kà wọ́n ní àbọ̀.

Ní ọdún 1845 ni ó kọ́kọ́ ṣètò ìrìn-àjò ńlá tí ó mú èrè wá fún un, láti Leicester lọ sí Liverpool, pẹ̀lú àǹfààní láti dé ilẹ̀ Wales. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fún un ní ìdá díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, òun fúnra rẹ̀ ti lọ gba gbogbo ọ̀nà náà kọjá, ó sì ti yẹ àwọn ilé ìtura wò. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó fi ṣàlàyé ohun tí àwọn èrò yóò rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Báyìí ni ẹsẹ̀ oníwàásù àti ọwọ́ òǹtẹ̀wé ṣe pàdé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ tí kì í kọsẹ̀. Ní ọdún 1846, ó kó nǹkan bí 350 ènìyàn lọ sí Scotland. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tíì tí a ti ṣèlérí fún wọn lójú ọ̀nà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Nígbà tí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, yàrá kò tó, àwọn tí kò rí àyè sì wà ní gbangba nínú òjò àti ìjì. Lóòótọ́, wọ́n fi ayẹyẹ pàdé wọn ní Glasgow, ṣùgbọ́n ìyà ti jẹ wọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Thomas Cook tún gba ọ̀nà Scotland lọ ní ọdún 1847, ó sì ń kó àwọn èrò lọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1851, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti kó iṣẹ́ ọwọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sínú ilé ńlá tí a fi gíláàsì kọ́. Thomas Cook gba àwọn òṣìṣẹ́ níyànjú láti máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí àwọn tiwa ti ń dá èsúsú, títí owó ọkọ̀ wọn yóò fi pé. Ọmọ rẹ̀, John Mason Cook, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ni ó rán lọ sí àwọn ìlú agbègbè Yorkshire láti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe kọ́ iṣẹ́ lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún yẹn lé ní 150,000.

Ní ọdún 1855, Cook kó èrò kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn olọ́kọ̀ ojú irin Scotland kọ̀ láti máa fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ní ọdún 1862, kò jókòó sunkún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1863, ó kó àwọn èrò lọ sí Switzerland láti wo àwọn òkè gíga ibẹ̀. Àwọn ọlọ́lá kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò yẹ kí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa rìn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ó ṣí ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1865. Ó tún dá ìwé kan sílẹ̀ tí arìnrìn-àjò lè sanwó rẹ̀ nílé, kí ó sì fi lélẹ̀ ní ilé ìtura ní ìlú òkèèrè dípò owó. Ní ọdún 1869, ó kó àwọn èrò lọ sí Íjíbítì àti Ilẹ̀ Mímọ́. Láti ọdún 1872 sí 1873, ó bá ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò kékeré kan yí gbogbo ayé ká ní ọjọ́ 222.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ kò rọgbọ. Èdè-àìyedè bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti ọmọ rẹ̀ nípa bí a ó ti máa ṣe òwò náà, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní ọdún 1878. Ọmọbìnrin rẹ̀ kú ní ọdún 1880, Marianne sì kú ní ọdún 1884. Ojú tí ó ti rí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fọ́. Ó kú ní ìlú Leicester ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1892, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 83. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí gbèsè wó o lulẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fẹ́ láti ṣe iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ṣe dúró de ọ́fíìsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá fẹ́ rìnrìn-àjò lọ wo ibi kan, ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí ẹ bá wọn ṣètò rẹ̀. Ẹ lọ mọ ọ̀nà ṣáájú, ẹ béèrè iye owó ọkọ̀, ẹ wo ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín yóò ti jẹun àti ibi tí wọn yóò ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kà wọ́n ní àlọ, kí ẹ sì kà wọ́n ní àbọ̀. Bí Thomas Cook ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.