Dókítà Sàpàrà àti Àrùn Ìgbóná

Àrùn kan wà tí àwọn baba wa ní Èkìtì kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba. Bí ó bá wọ ìlú, wọn a ní ilẹ̀ gbóná. Wọn a pè é ní Olóde. Ẹni tí ó bá sì pa, a kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ ni wọ́n ní kí a máa dá. Ṣọ̀pọ̀ná ni. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní 1861 ni a bí Ògúntólá Sàpàrà ní Freetown, ní Sàró. Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì ni wọ́n jọ ja ogun Kírìjí. Alexander Johnson Williams ni a sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà ó bọ́ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀. Ní 1876 ni ẹbí rẹ̀ dé Èkó. Ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ṣe apoògùn, kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí London ní 1888. Ó di dókítà ní 1895, ìjọba Èkó sì gbà á síṣẹ́ ní ọdún kejì.

Ní 1897 ó wà ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìgbóná ti ń pa ènìyàn. Láti 1796, nígbà ayé Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a ti mọ bí a ṣe ń bupá fún ènìyàn kí àrùn náà má baà mú un. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná bá ti lágbára, ta ni yóò jẹ́ kí a bupá fún òun? Dókítà mìíràn ì bá ké sí ọlọ́pàá. Sàpàrà kò ṣe bẹ́ẹ̀: ó yọ́ wọ inú ẹgbẹ́ awo náà, ó di ọ̀kan nínú wọn. Bí àṣírí rẹ̀ bá tú, bóyá ni ì bá fi padà wálé. Ohun tí ó rí níbẹ̀ burú. Àwọn àwòrò kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í ran ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Bí onítọ̀hún bá kú, àwọn ni wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀. Ó jẹ́ kí ìjọba mọ̀, ní 1907 òfin sì de ẹgbẹ́ náà.

N kò rò pé òfin nìkan ni ó ṣe é o. Òfin kì í lé ẹ̀rù jáde lọ́kàn ènìyàn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù ni ó lè bá wọn sọ̀rọ̀. A rí i ní 2014, nígbà tí Èbólà ń jà. Ní Womey ní Guinea, wọ́n pa ènìyàn 8 lára àwọn tí wọ́n wá là wọ́n lọ́yẹ̀. Ní Èkó, Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí aláìsàn tí ó kọ́kọ́ gbé e wọlé jáde ní ilé ìwòsàn. Òun náà kó o, ó sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì tán ní oṣù Kẹwàá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Sàpàrà kórìíra ohun ìbílẹ̀. Aṣọ Yorùbá ni ó fẹ́ràn láti máa wọ̀, ó sì ń ṣe ìwádìí ewé àti egbò wa títí ó fi darúgbó. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó kú ní Èkó ní 1935. Ọdún 35 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1970, ni a rí aláìsàn ìgbóná tí ó kẹ́yìn ní Nàìjíríà.