George Beatson: Dókítà tó la ọ̀nà fún oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù lọ́wọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, yálà Ìbàdàn lẹ wà ni o, tàbí ẹ wà láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Belleville ní ìlú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ó ṣeé ṣe kí ìyá, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n yín máa lo oògùn kan lójoojúmọ́ nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Tamoxifen ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà, tamoxifène ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Bí lílò rẹ̀ bá ti ń sú u, ẹ bá a ka ìtàn yìí.

Ọdún 1848 ni wọ́n bí George Thomas Beatson ní erékùṣù tí a mọ̀ sí Sri Lanka lónìí. Scotland ló ti dàgbà, Edinburgh ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tó fẹ́ gboyè, ọ̀rọ̀ omi ọmú ló kọ ìwé lé lórí. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé láwọn ilẹ̀ kan, bí màlúù bá bímọ tán, wọ́n máa ń yọ ilé ẹyin rẹ̀ kí wàrà rẹ̀ má baà gbẹ. Ó yà á lẹ́nu. Inú ikùn ni ilé ẹyin wà, báwo ló ṣe ń pàṣẹ fún ọmú? Kò tíì sí ẹni tó mọ họ́mọ̀nù nígbà náà. Ọdún 1905 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Beatson di oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow. Lọ́dún 1895, obìnrin ẹni ọdún 33 kan, ìyá ọlọ́mọ méjì, wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà ti padà. Beatson ṣàlàyé èrò rẹ̀ fún un, ó gbà, wọ́n sì yọ ilé ẹyin rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́jọ, kókó náà ti pòórá. Beatson gbé ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lọ́dún 1896.

Ṣùgbọ́n àìsàn náà tún padà, obìnrin náà sì kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn dókítà mìíràn gbìyànjú ọ̀nà yìí, wọ́n sì rí i pé bí ẹnì kan nínú obìnrin mẹ́ta ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó mọ ìdí rẹ̀: jẹjẹrẹ ọmú kan wà tó ń fi họ́mọ̀nù estrogen ṣoúnjẹ, òmíràn wà tí kò nílò rẹ̀.

Beatson kú lọ́dún 1933. Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ ní Glasgow ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí tamoxifen. Ọdún 1962 ni Dora Richardson kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn tí kò ní jẹ́ kí obìnrin lóyún.

Ẹ ka estrogen sí kọ́kọ́rọ́. Tamoxifen ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ náà lára jẹjẹrẹ, láìsí pé wọ́n ń yọ ilé ẹyin. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ jẹjẹrẹ náà wò fún họ́mọ̀nù.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń lò ó, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Fún ẹni tó bá jẹjẹrẹ rẹ̀ mu, ó ń dín ewu kí àìsàn náà padà kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹ má dá a dúró torí pé ara ti yá. Ooru òjijì lè yọ yín lẹ́nu. Ẹ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí èémí bá ń há, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni kíá.

Ẹ má lóyún nígbà tí ẹ ń lò ó, ó lè pa ọmọ inú lára. Ẹ̀yin tó ṣì fẹ́ bímọ, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ó lè ṣeé ṣe kí ẹ sinmi oògùn náà fúngbà díẹ̀ lábẹ́ àmójútó. Àwọn kan ń lo irú oògùn yìí fún ọjọ́ díẹ̀ péré láti lè lóyún. Tiwọn yàtọ̀, ẹ má pín oògùn yín fún wọn.

Ẹ̀yin ọkọ àti ọmọ, ẹ máa ka èyí tó kù nínú páálí. Ẹ ra òmíràn kó tó tán.