Muhammad al-Kishnawi: Ọmọ Katsina Tó Fi Ọ̀nà Ìṣirò Hàn Wá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí gbogbo ìmọ̀ jẹ́ tiRẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa, nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, ọkàn wa a máa tètè lọ sí Bàgídáàdì. Kò burú. Ibẹ̀ ni al-Khwarizmi ti ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé igba sẹ́yìn, ẹni tí ayé fi orúkọ rẹ̀ pe algorithm, èyí tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tòní ni. Muhammad ibn Muhammad al-Fulani al-Kishnawi ni orúkọ rẹ̀. Al-Kishnawi túmọ̀ sí ará Katsina.

ÌBẸ̀RẸ̀ AYÉ RẸ̀

Fúlàní ni Shaykh yìí. Katsina ìgbà náà jẹ́ ìlú ìmọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ọ̀nà jíjìn. A kò tíì bí Shehu Usman dan Fodio nígbà yẹn, nítorí ọdún 1754 ni wọ́n bí Shehu, nígbà tí ọmọ Katsina yìí ti kú. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò sí ìmọ̀ ìwé ní ilẹ̀ wa kí àwọn òyìnbó tó dé.

Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn ní ìlànà Imaamu Malik, ó kọ́ èdè Lárúbáwá, ó sì tẹ̀ lé àwọn olùkọ́ nílẹ̀ Hausa àti Bornu. Ìmọ̀ nọ́ńbà ló wọ̀ ọ́ lára jù.

Ní nǹkan bí ọdún 1730, ó gbéra lọ sí Mọ́kà fún iṣẹ́ Háájì. Lẹ́yìn Háájì, kò padà sílé. Ó lọ sí Káírò ní Íjíbítì, ibẹ̀ ló sì ti kọ àwọn ìwé tí a fi mọ̀ ọ́n. Shaykh Hasan al-Jabarti, tí òun náà jẹ́ gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ti ìràwọ̀, gbà á sílé rẹ̀. Nínú ilé náà ni al-Kishnawi kú sí ní 1741. Abd al-Rahman, ọmọ Hasan, tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú àlejò yìí, ló kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìtàn ńlá tó kọ nípa Íjíbítì. Ẹ̀dà ìwé tí al-Kishnawi fúnra rẹ̀ kọ lórí nọ́ńbà wà ní London títí dòní, ní ilé ìwé gíga SOAS.

ÀLỌ́ NỌ́ŃBÀ

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ohun tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní wafq ni. Ẹ fa ilé mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Ẹ kó nọ́ńbà 1 dé 9 sínú wọn, kí ó jẹ́ pé ẹ ka ìbú ni, ẹ ka òòró ni, ẹ ka igun dé igun ni, àròpọ̀ rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Ìdáhùn kan nìyí:

8 1 6
3 5 7
4 9 2

Ẹ̀ẹ́dógún ni níbi gbogbo. Bí ilé bá di 25, àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan á di 65, àrúndínláàádọ́rin. Bí ó bá di 49, á di 175.

Ọ̀nà 362,880 ni a lè gbà to nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ péré ló tọ̀nà nínú wọn, ọ̀kan ṣoṣo sì ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí a yí po tàbí tí a dojú rẹ̀ kọ òdìkejì. Kọ̀ǹpútà lè dán gbogbo 362,880 wò kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé orí ilé 25, iye ọ̀nà tí a lè gbà tò ó jẹ́ nọ́ńbà tó gùn ní 26. Kódà bí kọ̀ǹpútà bá ń dán bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lò ju irínwó mílíọ̀nù ọdún lọ kó tó dán gbogbo rẹ̀ wò tán.

Ibi tí ọlá al-Kishnawi ti hàn nìyí. Kò jókòó kí ó máa fi orí já a. Ó kọ ìlànà sílẹ̀ fún àwọn tí iye ilé ìlà wọn kì í ṣe oníméjì-méjì, bíi 3, 5, àti 7, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé e lè dé ibẹ̀ dandan. Ọ̀kan nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tí ayé mọ̀ nìyí. Ẹ fi 1 sí àárín ìlà òkè. Nọ́ńbà tó kàn á gòkè ní ilé kan, á sì yà sọ́tùn-ún ní ilé kan. Bí ó bá yọ lókè, kí ó gba ìsàlẹ̀ òòró náà wọlé. Bí ó bá yọ lọ́tùn-ún, kí ó gba òsì ìlà náà wọlé. Bí ó bá bá ẹlòmíràn nínú ilé, tàbí tí ó yọ ní igun òkè ọ̀tún, kí ó bọ́ sí abẹ́ nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 25 péré, ilé 25 ti kún.

ÈWO LÓ KÀN WÁ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ wò ó: ìlànà òkè yìí kò ju bí ogún ìlà lọ tí ẹ bá fi Python kọ ọ́. Kò nílò àwòrán kankan. Lójú kọ̀ǹpútà dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, ẹ ó kọ orúkọ ètò náà, ẹ ó fi 5 tẹ̀ lé e, ẹ ó tẹ Enter, ìdáhùn á sì jáde. Ẹni tí kò bá ní ìlànà, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa ṣe làálàá lásán. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

A kò ní fi ohun kan pamọ́. Al-Kishnawi so nọ́ńbà yìí mọ́ àṣírí lẹ́tà, ó sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Títí dòní àwọn kan ń fà á sínú tírà. Àwọn onímọ̀ mìíràn kọ̀ ọ́. Ibn Khaldun, tó kú ní 1406, ka irú rẹ̀ mọ́ sihru tí ẹ̀sìn dá lẹ́kun. Ìṣirò inú rẹ̀ ni àwa mú. Nọ́ńbà ò lè ṣí ọ̀nà oúnjẹ, kò sì lè lé ọ̀tá. Ọlọ́hun nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó fà á sínú tírà láìmọ ìdí tó fi ń jẹ́ ẹ̀ẹ́dógún, kò tíì jẹ ogún tí Shaykh fi sílẹ̀.

Ogún kejì ni sùúrù. Ó gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó má ṣe juwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ètò yín kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lóru, tí iná tún lọ, ẹ rántí ẹni tó ti Katsina rìn dé Káírò nítorí ìmọ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣe ni ní àǹfààní. Àmín.