Bazalgette, ọkùnrin tó la gọ́tà sábẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará wa ní Thamesmead, ṣé ẹ mọ ilé iṣẹ́ ńlá tó wà létí odò ní Crossness? Ibẹ̀ ni omi ilé ìgbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ń lọ.

Joseph Bazalgette ló dá a sílẹ̀. Enfield ni wọ́n ti bí i ní 1819. Ọmọ ọmọ àjèjì ni òun náà o: ilẹ̀ Faransé ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá.

Láyé ìgbà yẹn, inú odò Thames ni ìgbẹ́ ìlú ń dà sí, inú rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí omi mu. Kọ́lẹ́rà pa èèyàn tó lé ní 14,000 ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1848 sí 1849, ó tún pa èyí tó lé ní 10,000 ní 1853 sí 1854. Síbẹ̀, wọ́n ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Ìgbà tí ooru mú ní 1858, tí òórùn odò wọlé bá àwọn aṣòfin lórí ìjókòó, kíá ni owó jáde! Ìjọba, ìjọba náà ni níbi gbogbo.

Bazalgette, olórí ẹnjiníà ìlú, la gọ́tà ńlá tó gùn tó máìlì 82. Bíríkì 318 mílíọ̀nù ló bá iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n ṣí Crossness ní 1865. Nígbà tí kọ́lẹ́rà tún dé ní 1866, apá ìlà-oòrùn, níbi tí iṣẹ́ ò tíì parí, ló ti pa èèyàn jù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: wọn ò fọ omi náà rárá. Wọ́n kàn ń dà á sódò nísàlẹ̀ ìlú ni, ní Crossness àti Beckton. Ní September 1878, ọkọ̀ ojú omi Princess Alice rì nítòsí ibẹ̀, nínú ẹ̀gbin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Èèyàn tó lé ní 600 ló kú. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́míkà ya ìgbẹ́ kúrò lára omi. Láti 1887 ni ọkọ̀ ti ń kó ìgbẹ́ náà lọ dà sókun, títí di 1998.

Bazalgette kú ní 1891. Gọ́tà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èrò ti pọ̀ jù fún un. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀, ó máa ń kún dà sódò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ihò tuntun Tideway, kìlómítà 25, tí wọ́n so pọ̀ tán ní 2025. Beckton, tí wọ́n ti mú gbòòrò sí i, ni omi inú rẹ̀ ń lọ.