William Gosset: Òṣìṣẹ́ Guinness tí ìṣirò rẹ̀ ń tú àṣírí ètò oúnjẹ tí kò ṣiṣẹ́

Ọdún 1876 ni wọ́n bí William Sealy Gosset ní Canterbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wọ iléeṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin lọ́dún 1899.

Iléeṣẹ́ náà kò gbà kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde. Nítorí náà, 'Student' ló fi sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1908. Níbẹ̀, ó ṣírò ìyàtọ̀ tí oògùn oorun méjì ṣe lára ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú aláìsàn 10.

Lónìí, bí ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Bantama, Kumasi, bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò oúnjẹ kan ń dín sísanra kù, wọ́n lè wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣáájú àti lẹ́yìn. Ìṣirò Gosset ló máa sọ bóyá ìyàtọ̀ náà kàn ṣe kòńgẹ́, kí aláìsàn má baà náwó dànù.

Gosset kú lọ́dún 1937.